Ó Ku Ẹnì Kan

Ní gáréèjì, kò sẹ́ni tó ń wo aago. Ọkọ̀ kì í ṣí nítorí pé aago mẹ́jọ lù, ó ń ṣí nítorí pé ó kún. Bí o bá dé láago mẹ́fà ìdájí, ìwọ náà lo máa jókòó de ẹni tó ṣì ń fọ ẹnu nílé, àti ẹni tó ń bá onílé rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ owó ilé lọ́wọ́. Agbèrò á máa pariwo pé ó ku ẹnì kan. Ìjókòó mẹ́rin ló ṣófo. Gbogbo wa la rí i, kò sì sẹ́ni tó máa já a nírọ́, torí àwa náà fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán gbà á gbọ́ kó sáré. Láàárín ìgbà tí wọ́n bá pa irọ́ yẹn sí ìgbà tí ọkọ̀ á ṣí gan-an ni mo ti mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tí ǹ bá má mọ̀ láyé.

Àwọn òyìnbó tó ń dá rìn kiri ayé, ilé ibùsùn olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ti ń pàdé ara wọn, níbi tí èèyàn mẹ́jọ ń sùn sí yàrá kan, tí wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná kan. Olùkọ́ ará Jámánì kan, Richard Schirrmann, ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1909, ó kó àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ rìn jáde, òjò líle ká wọn mọ́ ọ̀nà, inú kíláàsì iléèwé kan ni wọ́n sì sùn mọ́jú lórí koríko gbígbẹ. Òru ọjọ́ náà ló rò ó pé iléèwé tó ṣófo lásìkò ọlidé lè gba arìnrìn-àjò. Lọ́dún 1912, wọ́n ṣí àkọ́kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sínú ilé olódi àtijọ́ kan nílùú Altena. Bí ẹ bá wá irú rẹ̀ dé Ìjẹ̀bú Òde, òtẹ́ẹ̀lì lẹ máa rí, oníkálukú pẹ̀lú ilẹ̀kùn tirẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Gáréèjì ló ń bá wa ṣe iṣẹ́ tí ilé Schirrmann ń ṣe.

Ọ̀nà tó wọ Ìjẹ̀bú Òde pọ̀. Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ lè wọkọ̀ ní Ọjọ́ta tàbí Berger, kó gba Ṣágámù já sí ọ̀nà Benin. Ó sì lè gba Ajah dé Ẹ̀pẹ́ kó tó yà sókè. Ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ á gba Ìdí Ayùnrẹ́, Mámù àti Òru. Èkó sí Ìjẹ̀bú Òde kò ju bí 100 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín ní Ìbafo, ẹ̀yin àti ẹni tó jókòó tì yín á ti mọ iye ọmọ tí ara yín bí. Ìjókòó èèyàn mẹ́ta ni wọ́n ń fi mẹ́rin sí. Èèyàn ò lè fi eegun ìbàdí rẹ̀ ti ti ẹlòmíì fún wákàtí méjì kó má kí i. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí owó ọkọ̀ sì fò sókè, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, torí kò sẹ́ni tí kò ní nǹkan sọ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àdúrà: ẹnì kan á gbà á lórúkọ Jésù, ẹnì kan á fi Fátíà tẹ̀ lé e, gbogbo ọkọ̀ á ṣe àmín sí méjèèjì. Lẹ́yìn àdúrà ni alágbo, tó máa ń fi igò kan ṣoṣo wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, ẹ̀yìn ríro àti àìróorun sùn.

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ló dáa jù láti wọ ọkọ̀ yìí. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá rọ́nà wálé ló ń wálé: onílù, ìdílé àwọn Balógun pẹ̀lú ẹṣin wọn, àti àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí tí Awújalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà jí dìde nígbà ayé rẹ̀. Láti 1960 ni ọba náà ti wà lórí ìtẹ́ títí tó fi wàjà ní July 2025. Ẹni tó bá wọkọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ò ní rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí nítorí báàgì aṣọ.

Lọ́dún kan, màmá kan tó ń ta lẹ́ẹ̀sì ní ọjà Balógun l'Ékòó ló jókòó tì mí. Aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ nínú ọ̀rá. Kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sí búùtù.

“Ọmọ mi, ìwọ nìkan lò ń lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

“Ta lò ń lọ kí?”

Mo ní n kò lọ kí ẹnì kankan, pé mo kàn fẹ́ wo ìlú ni. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

“Ìlú kì í ṣe fíìmù, ọmọ mi. Èèyàn ló ń gbébẹ̀.”

Bóyá nítorí pé ó rò pé orí mi ò pé ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí èèyàn kì í sọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Pé nígbà tí òun wà lọ́mọge, òun ti di ẹrù òun tán láti bá awakọ̀ lọ́rì kan lọ sí Kumasi, láìjẹ́ kí ìyá òun gbọ́. Ọkùnrin náà lówó, eyín rẹ̀ sì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lọ, ó jókòó sí gáréèjì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, lọ́rì kò dé. Ó gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun lọ kí ọ̀rẹ́ ni. Kò pẹ́ sí i, ní 1969, ìjọba Busia lé àwọn àjèjì kúrò ní Ghana, ó sì rí àwọn obìnrin tó padà dé láìní ju ọmọ ẹ̀yìn wọn lọ.

“Gbogbo èèyàn ń káàánú wọn,” ó ní. “Èmi ń jowú.”

Mo dákẹ́. Mo fẹ́ kó máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ó yíjú sí mi, ó ní ọmọ ta ni mí gan-an. Kí a tó kọjá Mowé, ó ti wádìí rẹ̀ dé ibi pé ìbátan bàbá mi kan àti ẹ̀gbọ́n òun jọ lọ sí Ìjẹ̀bú Òde Grammar School, iléèwé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1913, tó jọ pé kò sí ìdílé Ìjẹ̀bú tí ẹnì kan nínú wọn ò gbabẹ̀ kọjá. Ó kígbe sí gbogbo ọkọ̀ pé, “Ọmọ wa mà ni o!” Ó ra búrẹ́dì fún mi ní Ṣágámù. Ó tẹ ilé láago pé kí wọ́n rin ewùrà kún ìkọ́kọrẹ́, torí àlejò ń bọ̀. N kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́ nípa Kumasi. Ìmọ̀ràn ló kù: ìgbà wo ni mo fẹ́ lọ́kọ, ta ló ń gbàdúrà sí i fún mi, ṣé kì í ṣe ìwé àkàjù ló fa ìrìnkurìn yìí.

Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Àjèjì là ń sọ òótọ́ fún, torí òótọ́ náà á bá a sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, kò ní délé ẹni. Bí àjèjì bá ti di ọmọ wa, ó ti di ẹni tó lè tú u sétí àbúrò ẹni. Yorùbá ò sì fẹ́ kí èèyàn jẹ́ àjèjì pẹ́. Wọ́n á wá ilé bàbá rẹ rí, bí wọn ò bá rí i wọ́n á wá ti ìyá rẹ, bí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe wọ́n á bi ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ò ń lọ. Ìwà ọmọlúàbí ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ebi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn, ẹ jẹ́ kó dáhùn kúkúrú bí wọ́n bá bi í pé ọmọ ibo ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àìníwà ni. Ó ṣeé ṣe.

Ìjẹ̀bú kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń bi àlejò ní ìbéèrè. Láyé ọjọ́un, òkìkí wọn kárí ilẹ̀ Yorùbá pé àjèjì kì í wọ Ìjẹ̀bú Òde, pé èyí tó bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á fi í rúbọ. Mo rò pé àwọn Ìjẹ̀bú fúnra wọn ò bínú sí òkìkí yẹn, torí ó ń bá wọn ṣọ́ ọjà. Àárín ọ̀sà àti òkè ni ilẹ̀ wọn wà. Ìbọn àti iyọ̀ tó ń ti Èkó gòkè, ọwọ́ wọn ló ń gbà; epo àti ẹrú tó ń ti òkè bọ̀, ọwọ́ wọn náà ni. Àlejò tó fẹ́ ṣòwò á dúró ní ọjà ẹnu ààlà, ní Òru níhà Ìbàdàn tàbí ní Èjìnrìn létí ọ̀sà, ibẹ̀ ló mọ. Ìjọba òyìnbó ní Èkó ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1891, Denton tó ń delé fún gómìnà lọ sí Ìjẹ̀bú Òde, Awújalẹ̀ Tunwaṣe kọ ẹ̀bùn tó gbé wá. Ní January 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú gbà ní Èkó pé àwọn á ṣí ọ̀nà, kí ìjọba máa san 500 pọ́n-ùn lọ́dọọdún dípò owó bodè. Nígbà tí wọ́n tún dá míṣọ́nnárì kan padà lójú ọ̀nà, ogun dé ní May ọdún náà, wọ́n jà lódò Yẹmọji, wọ́n jà ní Ìmàgbọ̀n, ìbọn Maxim sì parí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni ti lè wọlé. Oníbodè lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ò lọ; àwọn màmá inú ọkọ̀ ló jogún ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀nà ṣì tì, ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ tó kún jù nípa Ìjẹ̀bú ti wà nínú ìwé ní Paris, bó sì ṣe débẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Òṣífẹkúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí ní Màkún ní nǹkan bí 1798, ń ṣòwò kiri orí ọ̀sà lọ́dún 1820 nígbà tí àwọn olè ojú omi tó jẹ́ Ìjọ̀ mú un. Wọ́n tà á, ó di ẹrú ní Brazil. Ọ̀gá kan tó jẹ́ ará Faransé ló sìn ní Rio fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni yẹn ló sì mú un wá sí Paris. Ibẹ̀ ni onímọ̀ ilẹ̀ ayé kan, d'Avezac, ti rí i lọ́dún 1839. D'Avezac ò fojú kan Ìjẹ̀bú rí. Ó kàn ń pe ọkùnrin yìí jókòó ni, ó ń bi í ní ọ̀rọ̀ ìlú àti odò, ọba àti ìjòyè, oúnjẹ àti aṣọ, iye ọjọ́ tí èèyàn ń rìn láti ibí dé ibí. Ìwé tó ti inú rẹ̀ yọ jáde lọ́dún 1845. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ìjẹ̀bú ṣe rí kí òyìnbó tó wọ̀ ọ́, ọ̀dọ̀ Òṣífẹkúndé ló ń lọ títí dòní. D'Avezac fẹ́ ṣètò kó padà sí Áfíríkà, kó dé Sierra Leone. Òun fúnra rẹ̀ yàn láti padà sí Brazil, níbi tí ọmọ rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó: ọkùnrin tó ń gbọ́únjẹ fún ọ̀gá rẹ̀, tó ń rìn kọjá lójú pópó Paris lójoojúmọ́, tí odindi ìlú wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló bi í. Nígbà tí ẹni tó jókòó tì mí bá ti sùn, tí orí rẹ̀ ń bọ́ sí èjìká mi, ohun tí mo máa ń rò nìyẹn, ìyẹn bí kò bá tíì da itọ́ sí mi láṣọ.

Ibùsùn náà ní ètò tirẹ̀ láyé àtijọ́. Oníṣòwò tó ń rìn jìnnà ní onílé ní ìlú tó bá ń gbà kọjá, ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó sì lè dúró fún un bí ọ̀rọ̀ bá dé. Àwọn Haúsá olóbì ò jẹ́ kí ètò yìí kú. Ní Sábó Ṣágámù, níbi tí wọ́n ti ń kó obì lọ sí òkè ọya, ẹ lọ béèrè máígídá. Abner Cohen, tó gbé láàárín wọn ní Sábó Ìbàdàn, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1969, ṣàlàyé bó ṣe ń lọ: máígídá á fún oníṣòwò tó bá dé ní ibùsùn àti oúnjẹ láìgba kọ́bọ̀, á sì gba tirẹ̀ lára ọjà tó bá bá a tà. Àlejò ò sanwó ilé, bẹ́ẹ̀ ni onílé ò pàdánù.

Lóde òní, àwọn àgùnbánirọ̀ ló kù tó ní nǹkan tó sún mọ́ ọn. Lọ́dún 1973 ni ìjọba Gowon dá NYSC sílẹ̀, ètò tó ń gbé ọmọ Benue wá sí Ògùn, tó sì ń gbé ọmọ Ìjẹ̀bú lọ sí Yobe. Ní ìpàgọ́ wọn ní Ṣágámù, bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ló ń kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ Kristẹni wọn, NCCF, ní ilé tí wọ́n ń pè ní ilé ẹbí káàkiri ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wọn, MCAN, ní lọ́ọ̀jì tiwọn. Àgùnbánirọ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú sí lọ́nà lè kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ kó wá ibi tẹ́ máátì sí. Ọmọkùnrin Tiv kan tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì lábúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú Igbó sọ fún mi nínú ọkọ̀ Ìbàdàn pé àwọn ọmọ kíláàsì òun ló kọ́ òun ní Yorùbá. Ó sọ ọ́ dáadáa. Àfi pé ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú ni wọ́n kọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé òmíràn wà. Ó ti dé Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ó fi ná ọjà, gbogbo ìsọ̀ sì dá iṣẹ́ dúró láti wá wo Ìjẹ̀bú tó dúdú tó ga báyìí. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tiẹ̀ dín owó kù fún mi,” ó ní, “wọ́n ní mo pa àwọn lẹ́rìn-ín.”

N kò sọ pé kí ẹ máa finú han gbogbo èrò ọkọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní wọ́n-ṣáǹsì náà, ó ku ẹnì kan ló ń pariwo, òótọ́ sì ni tirẹ̀: gbogbo ìjókòó tó kù, olè ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọlọgbọ́n fi ń wọkọ̀ nínú gáréèjì dípò kó wọ sólè, ìyẹn ọkọ̀ tó ń gbèrò ní bèbè ọ̀nà, tí wọ́n sì ń sá fún ọ̀nà Benin bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, nítorí àwọn ajínigbé. Nínú gáréèjì tó bá létò, wọ́n á gbé ìwé yí ọkọ̀ ká: kọ orúkọ rẹ, nọ́ńbà fóònù rẹ, àti ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìwé kan náà ló ń gba ọwọ́ gbogbo wa kọjá, kò sì sẹ́ni tí kì í ka ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Mo ti rí bàbá àgbàlagbà kan tó ronú pẹ́ títí sí ìlà tó kẹ́yìn yẹn, tó wá kọ orúkọ kan, tó pa á rẹ́, tó kọ òmíràn. N kò bi í. Ó wù mí.

Obìnrin tó bá dá rìn ní ìbéèrè tirẹ̀ tó ń dúró dè é. Ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìjẹ̀bú Òde tí n kò ní dárúkọ, ọmọ tó wà nídìí káńtà bi mí pé ta ni mò ń retí, ó tún un bi, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀ kí òun náà lè bi mí. Àjàlá, tí orin Ebenezer Obey sọ orúkọ rẹ̀ di ti gbogbo alárìnkiri, gun kẹ̀kẹ́ la Amẹ́ríkà kọjá lọ́dún 1952, ó sì fi Vespa kiri ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà. N kò rò pé ẹnì kankan bi í pé ta ló ń retí. Pelumi Nubi dá wakọ̀ láti London dé Èkó lọ́dún 2024, ó gba ilẹ̀ Faransé àti aṣálẹ̀ kọjá. Ìbéèrè tí èmi fẹ́ bi í kò kan táyà. Ọmọ ìdí káńtà yẹn náà, nígbà tí iná lọ lálẹ́, ó gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níta. Ìjagùn ló ti kàwé, kò tíì kọjá Èkó rí. Ó fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń gbà dé Cotonou, àti ohun tí wọ́n máa sọ fún obìnrin tó bá dá débẹ̀. Mo sọ fún un.

Òun ló júwe Òkè-Ẹ̀rí fún mi, níbi tí wọ́n ní ibojì Bìlíkísù Súngbọ́ wà. Mo gun ọ̀kadà lọ. Súngbọ́ yìí ni wọ́n ní ó ni Erédò, yàrà àti odi tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn kan ní òun ni ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó yẹ odi náà wò láìpẹ́ gbé e sí nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, èyí tó jìnnà púpọ̀ sí ayé Sólómọ́nì, ṣùgbọ́n kò tíì dá ẹsẹ̀ èrò dúró: Mùsùlùmí ń lọ, Kristẹni ń lọ, oníṣẹ̀ṣe ń lọ.

Obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Ibojì obìnrin ni, obìnrin ò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi wá ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ kó yé mi. A jókòó sábẹ́ igi níta, àwa tí wọn ò jẹ́ kó wọlé: ará Ìlọrin kan, ará Muṣin méjì, ìyá arúgbó kan tí kò sọ ibi tó ti wá. Bóyá nítorí pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ti dá gbogbo wa dúró ni, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ta ni. Ará Ìlọrin ní ẹjọ́ ilẹ̀ ló gbé òun wá. Ọ̀kan nínú àwọn ará Muṣin ní ọmọ lòun ń wá. Èkejì ní òun kò wá nǹkan kan, ọ̀rẹ́ òun lòun sìn wá, àti pé ọ̀rẹ́ òun yìí ti bímọ mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ọkùnrin ló ń wá. Ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn ọkùnrin tó ń jáde dúró pé kí wọ́n wá sọ bí inú ibẹ̀ ṣe rí. Ẹni àkọ́kọ́ ní igbó kìjikìji ni. Ẹnì kejì ní rárá, gbangba ni, pé èèyàn ń rí ojú ọ̀run. Ẹnì kẹta wò wá pẹ̀lú ìbínú díẹ̀, ó ní àdúrà lòun lọ gbà, òun dijú ni.